Ọmọ-inú-fóònù Kò Ní Ìwọ̀n

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó wa, mo sì kí ọmọ mi kékeré tó ń rẹ́rìn-ín sí mi láti inú fóònù. Ṣé ara yín le? Iṣẹ́ ńkọ́? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ rógun àìsàn. Àwa náà wà, a ń dúpẹ́. Orókùn ń dun bàbá rẹ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ò dùn ún, torí kò tíì dákẹ́ láti àárọ̀.

Èmi fúnra mi ni mo kọ lẹ́tà yìí o. Ọdún kìíní ni mo ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà, ọwọ́ mi kò sì tíì mọ bírò bó ṣe mọ abẹ́rẹ́. Bí o bá rí àṣìṣe, jọ̀ọ́, má fi han ìyàwó wa.

Tíṣà ló ní kí oníkálukú mú ọ̀rọ̀ kan wá, ọ̀rọ̀ tí kò sí nígbà tí a wà lọ́mọdé. Ẹ̀rù bà mí, mo rò pé ọ̀rọ̀ inú ìwé ńlá ló ń wá. Onígbàjámọ̀ tó máa ń jókòó tì mí ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ṣebí èmi gan-an ni mo fà á tí ọ̀rọ̀ tuntun fi wọ àdúgbò wa.

Ṣé o rántí ọjọ́ tí mo ní kí ọmọ dìde dúró nínú fóònù? Aṣọ ni mo fẹ́ rán fún un. Mo gbé fóònù sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, mo na téèpù lé ọmọ lára, láti èjìká dé orókùn, mo rí i pé kò ju ìka mi lọ. Mo ní kó sún mọ́ mi, orí rẹ̀ nìkan gba gbogbo fóònù. Mo ní kó padà sẹ́yìn, ó tún kéré bíi bọ́tìnnì. Èmi tí mo ti ń wọn ènìyàn kí n tó bí ọ! Mo rò pé fóònù mi ló kéré jù, ni mo bá lọ yá ti onígbàjámọ̀ tó fẹ̀ ju tèmi lọ, kí n fi pè yín padà. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó ní ìyá, ọmọ-inú-fóònù kò ní ìwọ̀n.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ náà ti kárí. Àwọn èèyàn kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ọmọ-inú-fóònù tirẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ní ìbejì ni tòun. Ìyá oníbúrẹ́dì ní tòun ti ń hu irùngbọ̀n báyìí.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo mú lọ. Onígbàjámọ̀ mú ilé-ó-dọdún, orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn ilé aláràbarà tó máa ń wà ní títì pa, tí onílé ń dé sí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Tíṣà kọ méjèèjì sójú pátákó. Ó ní ènìyàn kì í sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lórúkọ, ìgbà tí àlàyé kan náà bá ti sú wa í ṣe lójoojúmọ́ la máa ń wá orúkọ fún un. Ó bi wá pé kí ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ń sọ nípa wa. Mo bẹ̀rù kí n má ṣì í, ṣùgbọ́n mo nawọ́, mo ní bóyá ó ń sọ pé àwọn tí a bí kò sí níbi tí ọwọ́ wa ti lè kàn wọ́n mọ́. Ó ní mo gbà á. Mo gbà á lóòótọ́, ọmọ mi, àmọ́ inú mi ò dùn sí i.

Nígbà tí o ní ẹ ò ní wá nígbà ìsinmi yìí, pé ṣebí mò ń rí ọmọ, mo ní kò burú. Ẹnu mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Mò ń rí i, ṣùgbọ́n mi ò mọ bó ṣe wúwo tó. Mi ò tíì gbé e rí.

Owó tí ẹ fi ń ra dátà láti pè mí, òun ni mò ń tọrọ lọ́tẹ̀ yìí. Má fi ránṣẹ́ o. Ẹ fi wọkọ̀ wá.

Ọ̀nà á là fún yín. Ọlọ́run á mú ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé ọ̀dọ̀ mi láyọ̀, kí àwọn ará ibí tó wá orúkọ fún irú ìyá àgbà tí èmi náà ń dà.

Èmi ni ìyá rẹ.