Àwọn Àgbàlagbà Tí A Kò Kà Mọ́ Ọn

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kejì, 2019. Iași, ní Romania.
Ìwé ìwádìí wa lórí jẹjẹrẹ ìfun pé ẹgbẹ̀rún méjì lónìí — ìyẹn ni pé ẹgbẹ̀rún méjì ìwé àwọn oníṣègùn mìíràn ló ti tọ́ka sí i. Kò sí èyí tó dé ibẹ̀ rí ní ilé ìwòsàn wa. Orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Octavian Zamfir ló ṣíwájú, tèmi tẹ̀ lé e. Corneliu, díìnì ẹ̀ka ìṣègùn wa, máa ṣe ayẹyẹ rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Èmi ni mo máa sọ̀rọ̀. Mo pe Àgbà — ohun tí mò ń pe Zamfir nínú ìwé yìí nìyẹn — láti kí i. Ó ní kí wọ́n má ra òdòdó, pé ó máa ń mú òun sín.

Ọjọ́bọ̀, 7.
Veturia, ìyàwó Àgbà, yọ́ pè mí. Gbogbo ṣòkòtò ọkọ rẹ̀ ti tóbi jù fún un. Sarmale, ẹran lílọ̀ tí a fi ewé kábéèjì wé, tó fẹ́ràn jù, ajá ló ń fún. Mo ní kó mú un wá lọ́la, ì báà jẹ́ tipátipá.

Ọjọ́ Ẹtì, 8.
Mo wo àwòrán inú rẹ̀. Ìfun. Ó ti dé ẹ̀dọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12.
Gbogbo àwa dókítà jókòó lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò sí àríyànjiyàn: àpapọ̀ oògùn mẹ́ta, gẹ́gẹ́ bí ìwé Zamfir ṣe wí. Èmi ni wọ́n rán sí i. Ó gbọ́ mi tán, ó bi mí pé ẹni ọdún mélòó ló dàgbà jù nínú àwọn tí a fi ṣèwádìí. Mo ní àádọ́rin.
"Èmi ńkọ́, Smaranda?"
Méjìdínlọ́gọ́rin.
Ó ní ṣebí àwa náà la yọ àwọn arúgbó kúrò, torí pé àìsàn ọkàn àti ti kíndìnrín lè pa wọ́n kí ìwádìí tó parí, kí èsì dàrú. A kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba. Oògùn méjì tó rọrùn lòun máa gbà.

Ọjọ́ Àìkú, 17.
Yìnyín ń bọ́ níta. Mo wà nílé látàárọ̀, mò ń ka àwọn tó tọ́ka sí wa. Ọ̀kan, òmíràn, òmíràn. "Zamfir ti fi hàn pé…" — wọ́n á sì fún ẹni ọgọ́rin ọdún ní oògùn mẹ́ta náà. Ìlànà ìtọ́jú tí àwa fúnra wa ń lò ní wọ́ọ̀dù kò mẹ́nu ba ọjọ́ orí rárá. Mo po tíì. Mi ò mu ún.

Ọjọ́ Ajé, 25.
Corneliu ránṣẹ́ pè mí. Kò bínú, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀. Ó ní tí wọ́n bá gbọ́ pé Zamfir sá fún ìtọ́jú Zamfir, kò sẹ́ni tó máa gbà wá gbọ́ mọ́. Ó ní Àgbà máa ń gbọ́ tèmi, kí n rọ̀ ọ́ kó gba oògùn mẹ́ta náà. "Ọmọ rẹ̀ lèmi náà, o mọ̀." Òótọ́ ni. Àgbà ló kọ́ àwa méjèèjì níṣẹ́. Mo ní mi ò ní bá a sọ ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 1 Oṣù Kẹta.
Gbogbo nọ́ọ̀sì ti so òwú pupa àti funfun mọ́ àyà, bí a ti máa ń ṣe níbí lọ́jọ́ kìíní Oṣù Kẹta láti kí ìgbà ìrúwé káàbọ̀. Àgbà rán Veturia lọ ra tèmi, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ so ó mọ́ mi láyà. Ó pẹ́ kó tó so ó tán. Ibòmíràn ni mò ń wò.

Ọjọ́ Ẹtì, 15.
Ayẹyẹ. Àgbà ò lè dìde lórí ibùsùn, kò lè wá. Gbọ̀ngàn kún, òdòdó kún. Corneliu ti ka ọ̀rọ̀ mi ṣáájú, ó sì ti fa ìlà pa ìparí rẹ̀. Ìparí náà ni mo kà. Mo ní ìwé wa kò sọ nǹkan kan nípa ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún; pé a sì ń fi tọ́jú wọn káàkiri, níhìn-ín pàápàá; pé Zamfir fúnra rẹ̀ kò gbà á.
Dókítà obìnrin kan dìde, láti ilé ìwòsàn kékeré kan ní ìhà Vaslui. Kò bú mi.
"Ìdajì àwọn aláìsàn mi ló ti lé ní àádọ́rin. Kí ni kí n wá fún wọn lọ́la?"
Mo ní a ò mọ̀.
Ó jókòó. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Corneliu kọjá lára mi bí ẹni pé mi ò sí níbẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16.
Mo ròyìn fún Àgbà. Bí mo ṣe júwe ojú Corneliu pa á lẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, mo sọ ìbéèrè obìnrin yẹn fún un.
"Ìbéèrè yẹn ni kí o lọ ṣèwádìí," ló sọ. "Pe obìnrin náà. Ẹ jọ ṣe é. Ẹ má forúkọ mi sí i o."

Ọjọ́rú, 10 Oṣù Kẹrin.
Àgbà kú láàárọ̀ yìí. Veturia di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ọjọ́bọ̀, 20 Oṣù Kẹfà.
Wọ́n fọwọ́ sí ìwádìí wa — tèmi àti ti Paraschiva, dókítà ìhà Vaslui yẹn. Ìwé àtijọ́ ṣì ń gòkè. Lọ́sẹ̀ yìí nìkan, àwọn méje tún tọ́ka sí i.
Aláìsàn àkọ́kọ́ wa ni Màmá Saveta, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Mo ṣàlàyé oògùn méjì àti oògùn mẹ́ta fún un. Ó bi mí èwo ló dára jù fún òun. Mo ní a ò tíì mọ̀, màmá, ìdí tí mo fi wá bá yín nìyẹn. Ó tẹjú mọ́ mi. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń wá sílé ìwòsàn, dókítà kankan ò tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún òun rí. Mo rò pé ó máa kọ̀.
"Bá mi mú jígí ojú mi nínú báàgì yẹn," ló wí. "Jẹ́ kí n ka ìwé àdéhùn tí o mú wá yìí tán ná, kí n tó fọwọ́ sí i."
Ó ń kà á, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn. Mo fa àga, mo jókòó tì í.