Obìnrin Tó Kúnlẹ̀ Níwájú Mi ní Corduff

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Àlejò ti tán ní Dublin. Bẹ́ẹ̀ ni ọlọ́lá kan tó kó ẹ̀wọ̀n wúrà sọ́rùn ṣe kéde rẹ̀ fún wa ní gbọ̀ngàn Corduff. Ó ní láti òní lọ, kò sí àlejò mọ́ nílùú yìí, ẹbí kan ṣoṣo ni gbogbo wa. A pàtẹ́wọ́. Ó mu tíì, ó bá tirẹ̀ lọ kí eré wa tó bẹ̀rẹ̀.

Èmi àlejò tó ti tán yìí dọ̀bálẹ̀ kí yín. Mo kí Àdùkẹ́ àbúrò mi tó ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Kó rọra kà á, kó má sì fo ìkankan.

Ilé Káyọ̀dé ọmọ mi ní Hartstown ni mo ṣì wà. Bí òun àti ìyàwó rẹ̀ bá ti gba ibi iṣẹ́ lọ, ó ku èmi àti fíríìjì, fíríìjì nìkan ló sì ń sọ̀rọ̀. Bí Tèmítọ́pẹ́ ọmọ wọn bá dé, tí mo bi í pé báwo ni ilé ìwé, á ní “grand”, ìyẹn ni pé dáadáa ni, á gòkè lọ. Ọ̀rọ̀ wa ti parí nìyẹn dọ̀la. Òjò ibí pàápàá kì í rọ̀ kó dá bí ọmọlúàbí. Ṣe ló ń ṣe winniwinni látàárọ̀ dalẹ́.

Àìrẹ́ni-bá-sọ̀rọ̀ ló gbé mi dé gbọ̀ngàn yẹn. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo ń kọ́ àwọn àgbà tó wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà ní Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ Nélida, ọmọ Bolivia, tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì ní Ballycoolin. Tíṣà lòun náà nílé wọn. “Profe” ló ń pè mí, bí wọ́n ṣe ń pe tíṣà lọ́dọ̀ wọn. Lẹ́yìn kíláàsì, a ó jókòó, a ó máa fi àwọn ọ̀gá ilé ìwé wa àtijọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní tiwọn a máa fi wákàtí méjì sọ̀rọ̀ lórí pé kí wọ́n má fàkókò ṣòfò. Mo ní àṣé wọ́n gbé ọ̀gá wa dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ iṣẹ́ Nélida, ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀ ló wà. Bí ìyẹn kò bá buwọ́ lù ú kó tó parí, ilé yá nìyẹn. Ó sì ti ń fòní-dónìí fọ̀la-dọ́la fún un. Nélida bá sọ ọ̀rọ̀ náà di eré orí ìtàgé, ó pe ọ̀gá wá wò ó. Ó ní bí ojú bá tì í láàárín èrò, yóò buwọ́ lù ú. Èmi ló fi ṣe ọ̀gá nínú eré. Ó ní ikùn mi ti tó bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ mi ò ju ẹyọ kan lọ: bí òun bá kúnlẹ̀ bẹ̀ mí fún ìwé, kí n kẹ̀yìn sí i, kí n jáde, kí wọ́n paná. Nígbà tí à ń dánra wò, kò kúnlẹ̀ rárá. Ó ní sìmẹ́ńtì tutù jù.

Lọ́jọ́ eré, ó kúnlẹ̀. Ìyá mi, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé àgbà kì í fi obìnrin sílẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀. Kí n tó mọ̀, ẹnu mi ti sọ pé dìde, ọmọ mi. Mo fà á dìde, mo fi ìwé náà lé e lọ́wọ́, mo tún ṣàdúrà fún un. Ilé hó yèè. Ọ̀gá rẹ̀ nu omi ojú níwájú níbẹ̀. Ó wá bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní “fair play”, bí wọ́n ṣe ń yin ènìyàn níbí, ó ní inú òun dùn pé ẹnìkan fi hàn pé àwọn ọ̀gá náà lójú àánú.

Nélida kò pariwo. Ó ní ilẹ̀kùn tí ìtìjú ìbá gbà wọlé bá ọkùnrin yẹn, Profe ti bá òun tì í. Ó ní òun ti kúnlẹ̀ fún un rí ní ọ́fíìsì ní tòótọ́, fóònù ni ọ̀gá náà ń tẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní “grand”, bíi ti Tèmítọ́pẹ́ gẹ́lẹ́.

Kíláàsì méjì ti kọjá, n kò rí i. Mo fi àga rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Mo rìn nínú òjò dé Ballycoolin láti bẹ ọ̀gá náà. Akọ̀wé rẹ̀ ní ó wà nípàdé, ó tún ní mo mọ eré ṣe o. Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni ìwé Nélida máa parí.

Kí orúnkún yín máa gbé yín, Ìyá mi. Kí àga kankan má ṣófo nílé wa. Ẹ bá mi kí Bàbá Àgbà, ẹ bá mi kí àwọn ìyàwó ilé àti gbogbo ọmọ tí n kò tíì fojú rí. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ mi, ta ni yóò wá sọ fún Nélida báyìí pé kó dìde?

Èmi ni ọmọ yín,
Ládípọ̀