Nọ́ńbà Kẹtàdínlógún Ṣì Ń Rìn

Àjà kejì,
Ọ́fíìsì Ìlera Ẹran Ọ̀sìn.
Ọjọ́bọ̀, lásìkò oúnjẹ ọ̀sán.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí ìkókó tí mi ò tíì fojú kàn. Ó wù mí kí ìwé yìí bá gbogbo yín nínú ara líle, kí ikọ́ tó ń dà ọ́ láàmú lóṣù tó kọjá sì ti wábi gbà lọ. Ní tèmi, mo wà láàyè, mò ń jẹun, mò ń lọ sí ibi iṣẹ́. Ó kàn rẹ̀ mí ni, kì í sì í ṣe irú èyí tí oorun ń wò.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ajé. O ní o bi Bàbá pé àwọn màlúù ńkọ́, ó ní kó o lọ béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé. Èmi ni akọ̀wé náà. Orúkọ tí Bàbá ń pè mí nìyẹn láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn, ẹ̀yìn mi ló sì ti ń pè é, nítorí kì í bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Mo mọ̀ pé ọkàn rẹ ò ní balẹ̀ bí mi ò bá sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí náà, wá ibì kan jókòó sí.

O mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe, bó o tilẹ̀ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé darandaran orí àga ni mí. Gbogbo màlúù tó wà ní agbègbè wa ló ní bẹ́líìtì lọ́rùn. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lára bẹ́líìtì náà tó ń ka ìṣísẹ̀ ẹran, bí ara rẹ̀ ṣe gbóná tó, àti iye wákàtí tó fi ń jẹ àpọ̀jẹ. Oko kọ̀ọ̀kan ní ọ̀pá irin tó ń gba ìròyìn yìí tó sì ń fi í ránṣẹ́ sí wa. Ọ̀kan wà lórí òrùlé ọ́fíìsì wa náà, èyí tá a fi ń dán bẹ́líìtì tuntun wò. Lójú kọ̀ǹpútà tèmi, màlúù kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlà kan. Bí ẹran ò bá rìn mọ́, tàbí tí kò jẹ àpọ̀jẹ mọ́, ìlà rẹ̀ á wálẹ̀, kọ̀ǹpútà á pariwo, èmi á sì pe olóko kí àìsàn náà tó ràn. Ó ti gba ọ̀pọ̀ agbo là. Bàbá wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà kí wọ́n so ó mọ́ ẹran wọn lọ́rùn, torí ó ní ọmọ òun ló wà nídìí ẹ̀.

O ò lè gbàgbé Ìyá Àgbà, màlúù funfun tó ní àmì dúdú lójú, tí Màmá fi ìgò fún ní wàrà mu nígbà tí ìyá tó bí i kú. Òun ni nọ́ńbà kẹtàdínlógún. Láti ọdún tó kọjá ni orúnkún ti ń yọ ọ́ lẹ́nu, tí ìlà rẹ̀ ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, òun sì ni mo kọ́kọ́ máa ń wò bí mo bá dé ibi iṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, ìlà náà ṣàdédé gòkè. Ìyá Àgbà ń rin ìlọ́po mẹ́ta ohun tó ń rìn tẹ́lẹ̀, ó ń jẹ àpọ̀jẹ bí ẹran tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dàgbà. Kọ̀ǹpútà ò sọ nǹkan kan, ìròyìn burúkú nìkan ni wọ́n kọ́ ọ láti pariwo lé. Èmi náà ò béèrè nǹkan kan. Inú mi dùn ni. Mo pe ọ̀rẹ́ mi tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé kó wá wo arúgbó tó padà di ọmọge, a jọ rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kẹwàá, kọ̀ǹpútà pariwo lórí oko aládùúgbò Bàbá, ẹni tí a máa ń pè ní Ọ̀gá Onífìlà. Ara màlúù mẹ́fà ló gbóná lẹ́ẹ̀kan náà. Dókítà ẹranko lọ síbẹ̀, ó bá ìléròrò lẹ́nu wọn àti láàárín pátákò wọn. Bí àìsàn yẹn bá wọ agbo kan, òfin ní kí wọ́n pa gbogbo agbo náà ni. Wọ́n ní kí n wá ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Mo fa ìlà àwọn oko tó yí i ká jáde, mo ń wò wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo dé orí ti Bàbá, mo gbé ìlà Ìyá Àgbà lé ti nọ́ńbà kẹsàn-án, ọ̀dọ́ màlúù tí Bàbá ń pè ní Jàgídíjàgan. Méjèèjì di ẹyọ kan. Wọ́n jọ dìde, wọ́n jọ dùbúlẹ̀, wọ́n jọ jẹ àpọ̀jẹ, ìṣísẹ̀ kan ò fi ìkejì sílẹ̀. Bẹ́líìtì méjèèjì, ọrùn ẹran kan ṣoṣo ni wọ́n wà.

Ṣé o rántí ohun tí Bàbá kọ́kọ́ máa ń ṣe bí ẹran bá ń ṣàìsàn? Á tú okùn ọrùn rẹ̀. Láti kékeré ló ti kọ́ wa pé nǹkan kan ò gbọdọ̀ wà lọ́rùn ẹran tí ara rẹ̀ ò yá. Mo mọ̀ ọ́n, àbúrò mi. Nínú gbogbo èèyàn tó wà ní ọ́fíìsì yìí, èmi nìkan ló mọ̀ ọ́n. Mo pè é lórí fóònù, mo bi í pé bẹ́líìtì Ìyá Àgbà dà. Ó ní, "Ara rẹ̀ ò yá, mo tú u. Ṣé ẹni tí ara rẹ̀ ò yá ló yẹ kó máa gbé ẹrù kọ́rùn?" Ó ní bí òun bá gbé e kọ́ ìṣó, ìpè àwa ará ọ́fíìsì ò ní jẹ́ kí òun gbádùn, ni òun bá fi kún ti Jàgídíjàgan. Ó ní orúnkún yẹn náà ni, pé bó bá sinmi dáadáa, á dìde. Kò parọ́ fún mi. Àánú ló rò pé òun ń ṣe, èmi tó yẹ kí n bi í ni mi ò bi í.

Dókítà lọ wo Ìyá Àgbà, ó bá ìléròrò lẹ́nu rẹ̀ tó ti pẹ́ ju ti àwọn màlúù Ọ̀gá Onífìlà lọ. Mo lè gbé ìwé ìròyìn àìsàn náà fún ẹlòmíì kó kọ ọ́. Ọ̀gá mi gan-an ní kí n fi í sílẹ̀, kí n máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n àìsàn ti wọ oko méjì, bí a bá fi ọjọ́ kan ṣòfò, ó lè di mẹ́wàá. Mo jókòó, mo kọ ọ́. Níbi tí wọ́n ti béèrè ibi tí àìsàn ti bẹ̀rẹ̀, mo kọ orúkọ Bàbá sí i, mo sì fọwọ́ sí i nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà mo lọ bọ́jú, mo padà sẹ́nu iṣẹ́.

Èmi náà lọ lọ́jọ́ tí wọ́n wá pa àwọn màlúù Bàbá. Òfin ní kí bẹ́líìtì wà lọ́rùn wọn títí gbogbo ẹ̀ á fi parí, kí àkọsílẹ̀ lè pé. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà ọgbà pẹ̀lú bàtà òjò rẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Ìwọ lo kọ ọ́?" Mo ní, "Èmi ni, Bàbá." Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. Ó kàn yíjú sí dókítà, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n tú u lọ́rùn wọn kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀." Dókítà wò mí. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó tú u. Mo gbé páálí dání, Bàbá ń tú u níkọ̀ọ̀kan, ó ń fọwọ́ pa ibi tí bẹ́líìtì ti ha wọ́n, ó ń jù ú sínú páálí láìwojú mi. Méjìdínlógójì ni wọ́n. Ní ọ́fíìsì, ọ̀rẹ́ mi ń wo bí ìlà wọn ṣe ń já, ó ti ń sunkún pé wọ́n ti ń pa wọ́n, nígbà tó jẹ́ pé ẹyọ kan ò tíì kú. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ṣe ti Ọ̀gá Onífìlà náà.

Nígbà tí mo ka bẹ́líìtì inú páálí, mẹ́tàdínlógójì ni. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀kan kù, bóyá ó bọ́ sínú ẹrẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn, mo ṣí ojú ewé oko Bàbá kí n lè tì í pa, mo rí i pé ìlà kan ń rìn. Nọ́ńbà kẹtàdínlógún. Ó dìde ní aago mẹ́fà àárọ̀, ó rin igba ìṣísẹ̀, ó dúró fún wákàtí kan, ó rin igba padà. Ìwọ náà mọ̀ pé igba ìṣísẹ̀ ló wà láti ẹnu ọ̀nà Bàbá dé ọgbà màlúù, a jọ máa ń kà á nígbà tí wọ́n bá rán wa. Inú àpò ẹ̀wù rẹ̀ ni bẹ́líìtì náà wà. Ní gbogbo àárọ̀, lásìkò tó máa ń fún wàrà, ó ń lọ dúró nínú ọgbà tó ti ṣófo.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, mi ò sì ti ojú ewé náà pa. Lọ́jọ́ kan, aago mẹ́jọ ti lù, ìlà náà ò tíì kúrò lójú kan. Mo pe fóònù rẹ̀. Ó dún títí, kò gbé e. Ṣùgbọ́n kí n tó gbé fóònù sílẹ̀, ìlà náà ti dìde, ó ń rìn. Mo sunkún níbi tí mo jókòó sí. Láti ìgbà náà, bó bá ti pẹ́ díẹ̀, mo máa ń pè é. Kì í gbé e, á sì dìde. Ọ̀rọ̀ tí èmi àti Bàbá ń bá ara wa sọ ò ju ìyẹn lọ.

Jọ̀ọ́, wálé. Wá bá mi bẹ̀ ẹ́. Má bá mi wí àwíjàre kankan, má sọ fún un pé òfin ni. Sọ fún un pé ó yẹ kí n ti pè é lọ́jọ́ kìíní, pé ẹ̀rín ni mò ń rín. Má sì jẹ́ kó mọ̀ pé mò ń rí i, torí ó lè yọ bẹ́líìtì náà lápò, mi ò sì ní mọ̀ mọ́ bóyá ó jí.

Ọlọ́run á bá ọ wo ọmọ tuntun náà, á jẹ́ kó dàgbà lójú yín. Ẹsẹ̀ tó o bá fi kúrò nílé, òun lo máa fi padà. Kí ó má rẹ̀ ọ́ bó ṣe rẹ̀ mí yìí.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin tó pọ̀n ọ́ dàgbà,
Darandaran orí àga.

Àfikún, ọjọ́ Ẹtì: Mi ò tíì lẹ ìwé yìí pa. Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀ yìí, mo rí i pé nọ́ńbà kẹtàdínlógún lọ sí ọgbà ní aago mẹ́fà, kò dúró níbẹ̀, ó kọjá lọ, ìlà rẹ̀ sì já. Mo pe Bàbá, fóònù rẹ̀ ò lọ. Mo pe Ọ̀gá Onífìlà, ó ní òun rí i tó wọ ọkọ̀, pé ẹ̀wù àtijáde ló wọ̀. Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀, ọ̀pá orí òrùlé wa gba nọ́ńbà kẹtàdínlógún. Ìlà náà rìn díẹ̀, ó dúró. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí láti ìsàlẹ̀ ni, ó ní bàbá kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì, òun bi í pé ṣé akọ̀wé ló ń wá, ó ní rárá, ọmọ òun ni. Mò ń sọ̀kalẹ̀ lọ.