Orogún Mi Tí Wọ́n Fi Kílò Tà

Ọjọ́ Ajé, 6 Ọ̀wàrà 2025
Waliyat ọmọ-ọmọ mi bí ọkùnrin. Awwal àbúrò rẹ̀ gbé ìyàwó ní Ìjẹ̀bú — ọmọ ilé ire. Kò sí ọ̀lẹ nínú ìran mi, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n purọ́.
Mo ti ibi ìgbéyàwó dé ilé wa ní Bajulaiye lónìí, orí tábìlì ṣófo. Orogún mi ò sí.
Orogún ni mo ń pe taipuráítà ọkọ mi, Bàbá Mùíz, olóògbé. Ogójì ọdún ló fi í tẹ lẹ́tà fáráyé. Láràárọ̀, ó ń nù ún kó tó kí mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 Ọ̀wàrà
Mùíz ló tà á. Ọmọ tí mo bí! Ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀rọ yẹn ò pé. Kò ní bọ́tìnnì oókan, orí eéjì ló ti bẹ̀rẹ̀." Ó gbé e fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Kílò mẹ́rìnlá — bí ẹran.
Mo ní ṣé ó bi mí. Ó ní, "Ṣé ẹ kúkú mọ̀ ọ́n lò ni?"
Ọdún kejì rèé tí mo ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àgbà ní Bariga. Kí ló rò pé mo ń lọ ṣe? Kí n lè fọwọ́ ara mi tẹ orúkọ mi lórí ẹ̀rọ yẹn ni.
Oókan! Bàbá Mùíz kì í wá a. "l" kékeré ló fi ń tẹ̀ ẹ́. Àwọn tó ṣe é ló fẹ́ bẹ́ẹ̀, kí bọ́tìnnì má bàa pọ̀. Èmi tí mi ò mọ̀wé nígbà náà mọ̀ ọ́n, torí ojú mi ń wà lọ́wọ́ rẹ̀.
Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Èyí, a kọ́ ọ. Ó ṣì tà á.

Ọjọ́rú, 8 Ọ̀wàrà
Mo jáde lọ wá onírin àlòkù tó rà á.

Ọjọ́ Ẹtì, 10 Ọ̀wàrà
Onírin àlòkù ní akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ló rà á, ní Akoka. "Ìyá, ẹ dúpẹ́. Òòlù ló kù tí a fẹ́ fi fọ́ ọ."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 Ọ̀wàrà
Mo rí i. Moyọ̀sọ́lá lorúkọ ọmọ tó rà á. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó ti fi òróró sí ẹ̀rọ náà lára. Ó fọwọ́ ti òkè rẹ̀ tó ń gbé bébà rìn dé òpin, agogo inú rẹ̀ dún.
Ó ní, "Ó dáa o, Màmá, oókan nìkan ni ò ní." Mo fi "l" hàn án. Ó pariwo: "Háà! Ẹ̀yin lẹ ń jẹ́ tíṣà!"
Mo tẹ orúkọ mi, Rukayatu. Irin lẹ́tà méjì há mọ́ra wọn, mo yọ wọ́n. Ríbọ́ọ̀nù tó ń gbé yíǹkì ti gbẹ. Orúkọ mi wà lórí bébà, àfi kéèyàn fọwọ́ pa á kó tó mọ̀.
Ó ní kí n fún òun ní iye tí òun rà á, kí n máa gbé e lọ.

Ọjọ́ Ajé, 13 Ọ̀wàrà
Mùíz gbọ́. Inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí tèmi. "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká gbé e wálé kíá! Ẹnì kan ti rí fọ́tò rẹ̀ lórí fóònù mi, ó fẹ́ rà á, owó gọbọi ló pè é."
Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Orogún mi ò ní padà sílé yìí. Ọ̀dọ̀ Moyọ̀sọ́lá ni yóò wà, èmi ni n ó máa lọ bá a lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.
Mo ti fowó ríbọ́ọ̀nù tuntun, dúdú àti pupa, ránṣẹ́ sí Moyọ̀sọ́lá: ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà.