Ìlà Ìyá Alábẹ́rẹ́ Nínú Ìwé Tẹlifóònù

Ọmọ mi tí ń gún ọmọ ọlọ́mọ ní abẹ́rẹ́ gba owó oṣù,

Mo kí ọ títí dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn yín. Ṣé ara le? Ṣé ọkọ rẹ ṣì ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta? Ṣé àwọn ọmọ ti ń jẹun, àbí wọ́n ṣì ń ṣa oúnjẹ bí ọmọ ọlọ́lá? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ rí ohun tí ẹnu kò lè ròyìn. Bí o bá ń bèèrè mi, mo wà, orúnkún mi ni kò wà. Ọ̀tún ń dùn mí láàárọ̀, òsì á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Wá ibi jókòó kí o tó ka èyí, nítorí ó gùn, mo sì mọ̀ pé ìdúró lo máa ń ka lẹ́tà mi, bí ẹni tó ń ka ìwé oògùn aláìsàn.

Ilé wà bí o ṣe fi í sílẹ̀. Òrùlé ẹ̀yìn ń jò, mo gbé bàsíà sábẹ́ rẹ̀, èmi àti bàsíà náà sì ti mọ ara wa. Onídìrí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì sí wa kí ọ, ó ní kí n sọ fún ọ pé òun ṣì ń bá mi bínú, ìdí rẹ̀ ń bọ̀ níwájú. Ní ti iṣẹ́, èmi tí mo kàn máa ń fi áyọ́ọ̀nù lọ ohun tí ìyá rẹ bá rán, èmi náà ti di aránṣọ. Mo rán ṣòkòtò kan fún onígbàjámọ̀, ẹsẹ̀ kan gùn ju ìkejì lọ. Mo ní ẹsẹ̀ tirẹ̀ ni kò dọ́gba. Ó lọ wọn ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nílé, láti ọjọ́ yẹn ló ti ń rìn bí ẹni tó ń ronú.

Lẹ́tà rẹ tó gbẹ̀yìn dé ọwọ́ mi. Mo ka ibi tí o ti ní kí a gbà pé ẹ̀gbọ́n rẹ ti kú, pé ọkùnrin tó bá bá ọkọ̀ ojú omi lọ síṣẹ́ tí kò kọ̀wé láti ìgbà náà, àdúrà ọkàn rẹ̀ ló kù ká máa gbà. Mo ká lẹ́tà náà dáadáa, mo fi ti ẹsẹ̀ máṣíìnì ìyá rẹ tó ń mì. Kò mì mọ́. O ṣeun, ó wúlò.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé ni ọ̀rọ̀ ìwé tẹlifóònù. O mọ̀ ọ́n, ìwé ńlá tí wọ́n ń to àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti nọ́ńbà wọn sí, èyí tí ìyá rẹ máa ń gbé ọmọ oníbàárà lé nígbà tó bá ń wọn aṣọ fún un. Ilé iṣẹ́ tẹlifóònù fẹ́ tẹ tuntun, wọ́n sì kó òfin ránṣẹ́ sí wa kí ìwé tó dé. Wọ́n ní ìlà kan ṣoṣo ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù, iṣẹ́, òpópónà, nọ́ńbà, ó parí. Kò sí oríkì, kò sí oyè, kò sí pé a mọ̀ ọ́n ṣe ju ẹlòmíràn lọ. Wọ́n ní A-B-D ni àwọn yóò fi tò wá. Èmi rò pé ọjọ́ orí ni, bí wọ́n ṣe ń to èèyàn gidi. Mẹkáníìkì òdìkejì gbọ́ èyí, ó sáré sọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní A A A, bí ẹni tí ilẹ̀kùn há lọ́wọ́, ó sì ti wà níwájú gbogbo àwa tí a gbọ́ igbe rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i.

Èyí tó dùn mí jù ló kẹ́yìn. Wọ́n ní orúkọ òkú kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ oníṣọ́ọ̀bù, bẹ́ẹ̀ orúkọ olóògbé ìyá rẹ ló wà ní ìlà tiwa. Ẹni tó ni ìlà gbọ́dọ̀ gbé tẹlifóònù fúnra rẹ̀ nígbà tí àwọn bá pè, kó fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ. Bí kò bá sí ẹni tó jẹ́ bẹ́ẹ̀, wọn á fa ìlà pupa lé e lórí.

Mo kọ́kọ́ pè wọ́n láti bẹ̀ wọ́n. Obìnrin kan gbé e, ohùn rẹ̀ dùn, ó ní kí n tẹ nọ́ńbà kìíní bí mo bá fẹ́ fi orúkọ sílẹ̀. Mo kí i, kò dáhùn. Mo bèèrè àwọn ọmọ rẹ̀, ó tún ní kí n tẹ nọ́ńbà kìíní. Mo bi í pé ta ló tọ́ ọ tí o kò fi mọ ìkíni. Ó ní kí n tẹ nọ́ńbà kejì. Mo gbé e sílẹ̀ kí n má baà ṣépè fún ọmọ ọlọ́mọ.

Ìwọ kò sí nílé lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ ń lọ. Ìyá rẹ fẹ́ kọ nọ́ńbà wa sórí pépà fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní pépà á sọnù. Ó ní, "Ìyá, kò sí èbúté tí kò ní ìwé tẹlifóònù. Orúkọ yín ni n ó máa wò." Nítorí náà ibì kan ṣoṣo ló wà láyé tí ọmọ yẹn á ti wá wa, ibẹ̀ náà ni ìlà Ìyá Alábẹ́rẹ́, orúkọ tí gbogbo ìlú fi mọ ìyá rẹ. Bí wọ́n bá fi orúkọ tèmi rọ́pò rẹ̀, kò ní wo ibẹ̀. Kò sì mọ̀ pé a ti sin ìyá rẹ̀. Á ṣí ìwé, kò ní rí i, á ní àwọn ará ilé òun ti tán, á padà sínú ọkọ̀.

Mo gba fọ́ọ̀mù. Níbi tí wọ́n ní kí n kọ iṣẹ́ sí, mo kọ pé aṣọ rírán, ìyá rẹ ti kú, kò jẹ̀rora, máa bọ̀ nílé, ẹnikẹ́ni kò bá ọ bínú. Ìwọ tí o dì í lọ́wọ́ mú mọ̀ pé ó jẹ̀rora, ṣùgbọ́n ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n fún mi. Mo fún ọ̀rọ̀ náà pọ̀ gidigidi kí ìlà náà lè gbà á. Wọ́n dá a padà. Ẹnì kan fi gègé pupa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé ìwé tẹlifóònù kì í ṣe lẹ́tà, pé àwọn kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnì kan sí ẹnì kan. Mo bi ara mi pé kí wá ni tẹlifóònù fúnra rẹ̀ wà fún.

Ó wá ku ìpè wọn. Mo ti bá ìyá rẹ gbé pẹ́ tó láti yá ohùn rẹ̀ lò. O rántí bó ṣe máa ń dá oníbàárà lóhùn bí ẹni tó há abẹ́rẹ́ sẹ́nu, nítorí ó há a sẹ́nu lóòótọ́. Èmi náà há a sẹ́nu. Ọkùnrin ọ́fíìsì pè, mo ní Ìyá Alábẹ́rẹ́ nìyí o, kí lẹ fẹ́ rán? Ó kí mi dáadáa, ó ń pè mí ní Ìyá, mo ń wúre fún un. Ó ti ń sọ pé òun máa fọwọ́ sí i ni onídìrí wọlé wá yá sísọ́ọ̀sì. Ó dúró sẹ́yìn mi, ó gbọ́ ohùn ẹni tí òun fọwọ́ ara òun wẹ̀ kí a tó sin ín. Ó figbe ta. Ó ní ẹ gba òun, obìnrin yìí ti kú, òun lòun wẹ̀ ẹ́, ó tún ti dé. Ọkùnrin náà gbọ́ gbogbo rẹ̀ pátá. Díẹ̀ ló kù kí n gbé abẹ́rẹ́ mì. Ìdí tó fi ń bínú nìyẹn, ó ní àwàdà mi yóò pa èèyàn lọ́jọ́ kan.

Má rẹ́rìn-ín o. Nígbà tí ó sá jáde, tí mo sì ti gbé tẹlifóònù sílẹ̀, mo tún fi ohùn yẹn sọ pé kí n dìde lọ wẹ̀, kí n yé tutọ́ sára aṣọ oníbàárà. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ọ ni. Mo dìde, mo lọ wẹ̀.

Wọ́n wá rán obìnrin kan wá yẹ ṣọ́ọ̀bù wò. Mo rò pé wọ́n wá mú mi ni, mo ti wọ ṣòkòtò méjì léra nítorí òtútù àtìmọ́lé. Ó ní kò sẹ́ni tó ń mú mi, orúkọ ẹni tó wà láàyè lòun fẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fojú fò ó. Ó ní tí òun bá gba òkú kan wọlé, gbogbo òkú ìlú ni yóò fẹ́ wọlé. Mo wá bi í pé orúkọ ṣọ́ọ̀bù ńkọ́, yàtọ̀ sí orúkọ ẹni tó ni ín? Ó ní ìyẹn lè jẹ́ ohunkóhun tó bá wù mí, bó bá ti rí bí a ṣe kọ ọ́ sí pátákó ìta gan-an, kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo ní kó fún mi láyè díẹ̀, ọ̀dà pátákó wa ti ń ṣí.

Bó ṣe lọ ni mo gbé àkàbà. Ẹ̀gbọ́n rẹ ló kọ Ìyá Alábẹ́rẹ́ sí pátákó yẹn nígbà tó wà nílé, lẹ́tà rẹ̀ tẹ̀ sọ́tùn-ún bí ẹni tó ń lọ. N kò pa á rẹ́. Mo kọ tèmi mọ́ ọn.

Obìnrin náà padà dé, ó gbójú sókè kà á: Ìyá Alábẹ́rẹ́ Ti Sùn Bàbá Ṣì Ń Dúró. Ó bi mí pé ta ni mò ń dúró dè. Mo ní oníbàárà kan tí kò tíì wá gba ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. N kò purọ́. Èyí tí ìyá rẹ rán fún ẹ̀gbọ́n rẹ nígbà tí àìsàn ti wọ̀ ọ́ lára, tó fi ojú inú wọn èjìká rẹ̀, ó ṣì wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifóònù. Ó fọwọ́ kan kọ́là rẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, ẹ ti lọ aṣọ yìí débi pé ó ń dán."

Mo ní iṣẹ́ mi nìyẹn. Kò wo ojú mi mọ́, ó tẹ òǹtẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù. Nígbà tí wọ́n pè, mo fi ohùn ara mi sọ orúkọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ṣòro ju ti abẹ́rẹ́ lọ.

Ìwé ti jáde báyìí. Mẹkáníìkì kò rímú mí, ẹni tó ń wá agbẹ̀bí pàápàá, òun ló ń kọ́kọ́ pè. Tiwa náà ń dún. Àwọn aláìríṣe ń pè kí mi pé mo kú ìdúró, mo sì ń dá wọn lóhùn bó ṣe tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tó máa ń pè nírọ̀lẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀. N ó ní ta nìyẹn, èémí nìkan ni n ó gbọ́. N ó ní ìyá ti sùn, bàbá ṣì ń dúró. Èémí náà á dá, á tún bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà á gbé e sílẹ̀. Èmi ṣì máa ń di tèmi mú mọ́ etí.

Ọmọ mi, mo mọ̀ ọ́. Ó lè jẹ́ ìwọ lò ń pè láti mọ̀ bóyá mo ṣì ń mí, tí ohùn mi bá wá gbé ọ lọ́rọ̀ mì. Tí kì í bá ṣe ìwọ, kọ̀wé sí mi kíákíá. Tó bá jẹ́ ìwọ ni, má sọ fún mi. Máa pè.

Jọ̀wọ́, fi owó ìlà tẹlifóònù ránṣẹ́ kí wọ́n má gé e, òrùlé lè máa jò lọ. Má fi gba báńkì o. Ọmọ tó wà ní kàǹtà wọn wo fọ́tò mi, ó ní ẹni tó wà níbẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, pé kì í ṣe èmi. Fi rán ẹni tó ń bọ̀.

Ọlọ́run á dá ọ sí fún àwọn ọmọ rẹ. Ibi tí wọ́n bá ti pè ọ́, wàá wà níbẹ̀ láti dáhùn. Ibi yòówù kí wọ́n ti wá ọ, wọn ò ní wá ọ tì.

Èmi ni bàbá rẹ, tó jókòó ti tẹlifóònù.