Ìjàpá Tí Bàbá Ní Kí N Gbẹ́ Sí Òkúta Ìyá Wa

                                        Ilé Kẹrin,
                                        Ẹ̀yìn Ọgbà Òkúta.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹfà.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ikọ́ tó ń dà ọ́ láàmú ńkọ́, ṣé ó ti lọ? Ara tèmi le, ọkàn mi ni kò balẹ̀. Mo ti ṣẹ Bàbá, mi ò sì mọ ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún ju ìwọ lọ.

O mọ̀ pé Bàbá ní kí n gbẹ́ ìjàpá sí òkúta orí sàréè Ìyá wa. Ẹ̀rín ni mo fi ọ̀rọ̀ wọn rín. Ìjàpá kẹ̀? Ìjàpá olè, ọ̀lẹ, ẹlẹ́tàn, tí Ìyá fúnra wọn máa ń fi pa wá lẹ́rìn-ín? Mo ní ọjọ́ orí ló ń dà wọ́n láàmú, mo bá gbẹ́ àdàbà síbẹ̀. Ojú wọn kò kúkú ríran mọ́.

Nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n fi ọwọ́ tọ òkúta náà. Bí wọ́n ṣe kan ìyẹ́, ọwọ́ wọn dúró. Wọn ò bínú. Ì bá sàn ká ní wọ́n bínú. Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n ń ṣàlàyé bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Wọ́n ní nígbà táwọn ń se oúnjẹ nínú ọkọ̀ ojú omi, ará Íńdíà kan sọ fáwọn pé òrìṣà kan nílẹ̀ òun di ìjàpá, ó fi ẹ̀yìn gbé òkè ńlá kó má baà rì sókun. Ará Ṣáínà kan ní àmì ẹ̀mí gígùn ni ìjàpá. Atukọ̀ kan, tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti wà ní Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó dé, ní orí ẹ̀yìn ìjàpá ni ilẹ̀ ayé wà. Bàbá ní báwọn bá ti ń gbọ́ ìtàn wọ̀nyí, Ìyá ló máa ń wá sáwọn lọ́kàn, torí Ìyá ló dá pọn gbogbo wa nígbà táwọn wà lójú omi.

Ojú tì mí gan-an. Mo ha àdàbà náà kúrò, mo gbẹ́ ìjàpá síbẹ̀, àmọ́ òkúta ti fẹ́lẹ́, kò yọ dáadáa.

Àná ni mo tún mú wọn wá. Wọ́n fọwọ́ pa á títí, wọ́n ní ó dára. Wọ́n wá bi mí pé, “Ká ní mo ṣì ń ríran, ṣé wàá gbẹ́ ẹyẹ fún mi?”

Eruku orí òkúta ni mo kàn ń nù. Jọ̀ọ́, bá mi pè wọ́n, kí o bá mi bẹ̀ wọ́n. Kí gbogbo ilé fún mi.

Èmi ni, ẹ̀gbọ́n rẹ tí ojú ń tì,
Eléruku.