Ìlà Tí Mo Pa Rẹ́ Lọ́dún 1986

Ajé, 17 Oṣù Kẹta 2025
Àwọn ohun tí kò jẹ́ kí n sùn: eyín ìsàlẹ̀ lápá òsì. Òrùlé tí yìnyín tẹ̀ nígbà òtútù. Ẹ̀jẹ̀ ríru — dókítà ní n kò ní in, ṣùgbọ́n ẹnu dókítà yẹn dùn jù. Gáàsì: mo pa á, mo padà lọ wò ó, mo tún padà. Àti lẹ́tà láti yunifásítì, tí mo fi pamọ́ sábẹ́ agolo tíì láìṣí i.

Ìṣẹ́gun, 18
Fumie ìyàwó mi ti ṣí i. Ó ní, "Bàbá Kiyomi, lẹ́tà kì í bu èèyàn jẹ."
Èyí bù mí jẹ.
Olùkọ́ kan ló kọ ọ́, ọ̀dọ́mọbìnrin, Mizuhara. Ó ní ẹ̀rọ àwọn ti wọn eré tí Ìbejì ń sá lọ́dún yìí. Ìbejì ni mo ń pe ìràwọ̀ méjì tí mo ti ń wọ̀n láti 1979. Wọ́n jọra bí hóró ìrẹsì méjì, ọ̀kan ń yí èkejì po. Rárá — Kuramochi, ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń wo ìràwọ̀ nígbà náà, kì í fẹ́ gbọ́ ìyẹn. Àwọn méjèèjì ló ń yí ojú kan po láàárín wọn, ojú náà sì ṣófo. Ó máa ń sọ pé, "Bí èmi àtìwọ ṣe ń yí ìgò ọtí po nìyẹn. Kò ní í pẹ́, àárín á ṣófo."
Ohun tí Mizuhara ń béèrè: ṣé mo wo Ìbejì nígbà ìwọ́wé ọdún 1986? Kò sẹ́lòmíràn tó wọ̀n wọ́n nígbà náà ní gbogbo ayé.
Eyín ti dákẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 20
A lọ gbá ibojì àwọn òbí mi, bí gbogbo ìlú ti ń ṣe lákòókò yìí. Ìṣù ìrẹsì alálẹ̀mọ́ tí wọ́n fi ẹ̀wà dídùn bò. Mo jẹ mẹ́rin. Ṣúgà ń bà mí lẹ́rù.
Ẹ jẹ́ n kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, bóyá á kúrò lórí mi. Lọ́dún 1984, Ìbejì sún mọ́ra títí wọ́n fi di ìmọ́lẹ̀ kan. Ní 1986 wọ́n tún yà. Èmi ní wọ́n ti kọjá lára ara wọn, wọ́n sì ti pààrọ̀ ìhà. Pé òbìrí ni wọ́n ń rìn, jẹ́jẹ́, láìyára láìfalẹ̀, ọdún méjìlélọ́gọ́rin fún ìyípo kan. Kuramochi ní irọ́ ni. Ó ní ọ̀nà wọn gùn gbọọrọ bí kùkúmbà. Tí wọ́n bá jìnnà síra, wọ́n á máa wọ́ bí ìgbín. Tí wọ́n bá sún mọ́ra, wọ́n á sáré fìrì yí ara wọn ká, wọ́n á sì padà síhà tí oníkálukú ti wá. Ọdún mọ́kànlélógójì péré.
Ọ̀nà kan ló wà láti mọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ṣe bàìbàì díẹ̀, díẹ̀ tí ojú kì í sábà rí i. Ní 1979, ìhà àríwá ló wà. Tó bá ṣì wà ní àríwá lẹ́yìn tí wọ́n yà, Kuramochi ló jàre.

Ẹtì, 21
N kò sùn.

Àbámẹ́ta, 22
Mo gbé ìwé 1986 jáde nínú páálí. 9 Oṣù Kọkànlá. Ohun tí mo kọ́kọ́ fi pẹ́ńsùlù kọ: "Afẹ́fẹ́ dúró pátápátá, n kò rí irú rẹ̀ rí. Èyí tó ṣe bàìbàì wà ní àríwá."
Lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo fi rọ́bà pa á. Mo kọ lé e lórí pé: "Ojú rẹ̀ mí."
Ojú ò rẹ̀ mí.
Ní 2003, níwájú gbogbo ẹgbẹ́ awòràwọ̀ ìlú wa, mo bi Kuramochi pé ẹ̀rí rẹ̀ dà. Tófù, wàrà ẹ̀wà sóyà, ló ń tà nígbà náà. Mo ní, "Kí ẹni tó ń ta tófù máa gé ohun tó rọ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó gba ìwé mi, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà fún mi, ó tẹrí ba. Kò wá sí ìpàdé mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ìṣẹ́gun, 1 Oṣù Kẹrin
Mo fi ẹ̀dà ojú-ewé náà ránṣẹ́ sí Mizuhara. Mo kọ ohun tí mo pa rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo pẹ́ níwájú àpótí lẹ́tà débi pé ọlọ́pàá béèrè bóyá ara mi yá.

Ajé, 7
Èsì dé. Ọdún mọ́kànlélógójì ni. Ó ní ojú-ewé mi nìkan ni ẹ̀rí ojú èèyàn tó kù láyé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọn yóò tẹ orúkọ mi sínú ìwé wọn pẹ̀lú ọpẹ́, nítorí "ojú yín tó mú àti òótọ́ inú yín." Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ olè pé ó tọ́jú ẹrù dáadáa.
Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Fumie. Ọ̀mùnú ọparun ló ń bó, kò gbójú sókè. Ó ní Kuramochi ń kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Hokkaido, níhà àríwá lọ́hùn-ún, lọ́jọ́ kejìdínlógún.
"O ò sọ fún mi!"
"Mo sọ. Nínú káàdì ọdún tuntun rẹ̀ ló wà, mo kà á sí yín létí. Ẹ ń wo gáàsì."

Ìṣẹ́gun, 8
Láti ìgbà tí ìyàwó Kuramochi ti kú ló ti ń gbé létí òkun. Ọkọ̀ ojú irin mẹ́ta ni wàá wọ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ta tíkẹ́ẹ̀tì fún àwọn tó ń lọ. Èmi ò fẹ́ràn kí n máa lọ.
Mo wo kàlẹ́ńdà ilé ìdáná, èyí tó ń fi ọjọ́ rere àti ọjọ́ burúkú hàn. Àbámẹ́ta 12, ọjọ́ rere. Màá lọ.

Ẹtì, 11
Eyín.

Àbámẹ́ta, 12
Òjò. Mo dúró sílé.
Fumie bi mí lọ́sàn-án: "Ṣebí ìràwọ̀ yín máa ń sáré tí wọ́n bá sún mọ́ra? Ẹ̀yin ńkọ́?"

Ìṣẹ́gun, 15
Mo pe Kuramochi.
Ohùn rẹ̀ ti gbẹ. Mo ní Hirakubo ni. Ó ní, "Hirakubo wo? Èyí tó ti pa gáàsì ni, àbí èyí tí kò tíì pa á?"
Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìwé náà. Ó ní òun mọ̀. Láti 2003. "Rọ́bà pa pẹ́ńsùlù, kò pa ibi tó tẹ̀ sínú ìwé. Àtàǹpàkò mi bá a pàdé. Ìwọ náà lo sọ ọ́, ẹni tó ń ta tófù mọ ohun tó rọ̀."
Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn.
"Ẹnu tìrẹ ni mo fẹ́ kó ti jáde. Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo ṣírò fún ọ. O lo méjìlélógún. O yára, ọ̀rẹ́."
Ó ní kí n má sọ ohunkóhun lórí fóònù, kí n gbé ìwé náà wá. Lọ́la wọ́n fẹ́ yẹ ojú rẹ̀ wò nílé ìwòsàn. Ẹtì ni ọkọ̀ akẹ́rù ń bọ̀ — ó ti ṣà á, ọjọ́ rere ni, gbogbo ayé ló ń kó ilé lọ́jọ́ rere. Ọjọ́bọ̀ ló máa dá wà láàárín àwọn páálí. Ó ní òun ò tíì kó ife méjì sínú páálí.
Mo wo kàlẹ́ńdà. Ọjọ́bọ̀ ló burú jù nínú ọ̀sẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í gbéyàwó lọ́jọ́ náà, kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù, kì í dáwọ́ lé ìrìn àjò. Mo fẹ́ sọ fún un. Ó ti gbé fóònù kalẹ̀.
Mo ti kọ̀wé sí Mizuhara pé kí ó fi orúkọ Kuramochi sí ipò tèmi, àti ìdí rẹ̀.
Wọ́n ní òjò lè rọ̀. Eyín tún ti bẹ̀rẹ̀. Fumie ni yóò máa wo gáàsì. Ọkọ̀ aago méje kọjá ìṣẹ́jú méjìlélógójì ni màá wọ̀, ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún Oṣù Kẹrin.